Ìdúró ni ìpìlẹ̀ kung fu

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ó ń dùn wá pé ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kung fu l'Ábùjá ń sáré lé. Wang Xiangzhai (1885–1963), ọmọ Hebei ní Ṣáínà, tó dá Yiquan, ẹ̀yà kung fu kan, sílẹ̀, ìdúró lójú kan ló fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ ya ẹsẹ̀ kó ṣe déédéé èjìká, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀. Ẹ gbé apá síwájú àyà bí ẹni gbá igi ńlá mọ́ra, kí ìgúnpá rẹlẹ̀ ju ọrùn ọwọ́ lọ. Imú ni kí ẹ fi mí. Ìṣẹ́jú 3 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi 1 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èjìká ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́: á máa gòkè lọ bá etí, ìka á máa gbọ̀n, èémí á há sáyà. Ẹ má fara dà á o, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ sí ọ̀gangan ìdodo. Bí itan bá ń gbọ̀n, kò burú. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ nàró kíá. Lásìkò ọyẹ́, inú ilé ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí eruku.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru pé kó pa oògùn rẹ̀ tì nítorí qigong, ìyẹn ìdárayá èémí àwọn ará Ṣáínà. Kó má sì séèémí rárá.

Àwa olùkọ́ kung fu,
Kúbwà, Àbújá