Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ta Ló Ń Gbọ́ Tìrẹ Nílé?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín lórúkọ Jésù Kírísítì Olúwa wa.

Bí ọmọ bá ń ṣe bí wèrè ní Abẹ́òkúta níbí, a máa ń sọ fún un pé, "Aró ni wọ́n ń gbé irú ẹ lọ!" Ẹ̀fẹ̀ lásán ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ yìí ti jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀kọ́ tí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Aró kọ́ gbogbo ayé. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí ìlú yìí tó padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹnì kan nínú ẹbí ní láti bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀, kó máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹbí wà lára oògùn tí Lambo fi ń wo àìsàn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan nílé yín kò bá rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, tí nǹkan kan kò wù ú mọ́, tí ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fi bò. Ẹ mú un wá ká gbàdúrà, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀kan kò ní kí èkejì má ṣiṣẹ́.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Amẹ́ríkà, Nick Stinnett àti John DeFrain, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tó ń mú ìdílé dúró. Mẹ́fà ni wọ́n kó jọ: kí ẹbí fi ara jìn fún ara wọn, kí wọ́n máa mọ rírì ara wọn, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, kí wọ́n máa rí àyè wà pọ̀, kí wọ́n ní ìgbàgbọ́, kí wọ́n sì lè fara da wàhálà. Mo wá owó nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, n kò rí i. (Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má lọ sọ nílé pé pásítọ̀ ní owó oúnjẹ kò ṣe pàtàkì o.) Méjì péré ni n ó fọwọ́ bà lónìí: bíbá ara ẹni sọ̀rọ̀ àti mímọ rírì ara ẹni.

Jákọ́bù 1:19 ní kí olúkúlùkù ènìyàn máa yára láti gbọ́, kí ó lọ́ra láti fọhùn, kí ó sì lọ́ra láti bínú. Bàbá jí láago mẹ́rin, ó wọkọ̀ lọ Èkó, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá a dúró, ọmọ ti sùn kó tó dé. Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n wá fojú kan ara wọn, ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde ni, "Ipò kelòó lo ṣe?" Ìyá ti fi gbogbo ọjọ́ ná ọjà ní Ìtòkú, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ní, "Mọ́mì, inú mi ò dùn." Ìyá dáhùn, "Kí ni kò dùn nínú ẹ? Ṣé ìwọ lò ń san owó ilé ni?" Ọmọ tó bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní sọ mọ́. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ ti dùn o. Ó ti lọ wá ẹlòmíì tí yóò gbọ́ tirẹ̀ ni, orí fóònù ló sì ti máa ń rí i.

Ọ̀rọ̀ ìmoore wá ńkọ́? Gbogbo wa la mọ ọmọ onínàákúnàá inú Lúùkù 15. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ń rò. Lórí àga ìwàásù, a máa ń ní ìlara ló ń ṣe é. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀: láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń sìn yín, ẹ ò fún mi ní ọmọ ewúrẹ́ kan rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nílé yín. Àkọ́bí tó ń pọn àbúrò, tó ń pọnmi, tó ń fọ abọ́, tí ilé ẹ̀kọ́ kò ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀ rí. Nítorí pé kì í fa wàhálà, kò sẹ́ni tó ń wojú rẹ̀. Èyí tó ń fa wàhálà ni gbogbo ilé ń sáré tẹ̀lé.

Ẹ wá wo bàbá yẹn. Àlejò kún ilé, ẹran ń bẹ lórí iná. Bó bá jẹ́ àwa ni, a ó ránṣẹ́: "Ẹ lọ pè é wá fún mi!" Òun fúnra rẹ̀ ló jáde lọ bá a. Ọmọ ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, bàbá kò ní, "Èmi lò ń dá lóhùn báyẹn?" Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ, nígbà gbogbo ni ìwọ ń bẹ lọ́dọ̀ mi, ohun gbogbo tí mo ní, tìrẹ ni." Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ náà ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́, ju ewúrẹ́ lọ. Lúùkù kò sọ fún wa bóyá ó wọlé.

Tọkọtaya náà kò yọ sílẹ̀. Ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́ tó fún un ní ṣéńjì, ó yẹ kó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó se ọbẹ̀.

Níbi àdúrà ìdílé lọ́sẹ̀ yìí, kí àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí bàbá gbẹ̀yìn. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí ọmọ bá sọ ohun tó dùn yín, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó fèsì, bó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ló sọ, ẹ ní kó má bínú.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Olùṣọ́-àgùntàn yín