Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Táyé, lórí ọ̀rọ̀ Shrine

Bọ̀ọ̀dá Táyé,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti dé Shrine, ilé ijó Fẹlá. Gbangba ni mo ti ń sọ ọ́ yìí, nítorí gbangba ni ẹ̀yin náà ti ń sọ tiyín láti ọdún 1988, lójú gbogbo ẹni tó bá gbé rédíò wá fún yín ní Arákàlẹ̀.

Àwa ọmọ ilé mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ ó mú irin gbígbóná tẹ́ ẹ fi ń jó òjé dání, èéfín á máa rú bọ̀ lójú yín, ẹ ó di ojú kan, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀: bí ẹ ṣe wọkọ̀ ní Àkúrẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó, bí ẹ ṣe dé òpópónà Pepple ní Ìkẹjà, bí Fẹlá ò ṣe gorí ìtàgé títí ó fi di òru jìn, bó ṣe wá rí yín láàárín èrò tó sì kọ "Lady" nítorí yín. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ ó gbé irin sílẹ̀, ẹ ó dìde, ẹ ó jó. Màmá Àgbà á ní kẹ́ ẹ rọra, kẹ́ ẹ tún rédíò olórédíò ṣe.

Ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀ràn náà kọ́ mi lọ́rùn. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní òun ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó iwájú níbi tí Femi ọmọ Fẹlá á ti ṣeré. Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ránṣẹ́, ó fi àwòrán kan tó dán gbinrin ránṣẹ́ padà. Mo dé ẹnu ọ̀nà ní Àgídìngbì, ọmọ tó dúró síbẹ̀ wo fóònù mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ni ẹnì kẹrin lálẹ́ yẹn. Mo san owó tuntun. Wọ́n so bébà aláwọ̀ ewé kan mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀, mi ò tíì fẹ́ já a.

Ibẹ̀ kì í ṣe Shrine tiyín, ẹ̀yin náà mọ̀. Èyí tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì Empire ní Ìdí-Òro ló ṣíwájú, kí àwọn sójà tó dáná sun Kalakuta, ilé Fẹlá, ní February 1977. Ti Pepple tẹ̀ lé e. Fẹlá kú ní August 1997, ó tó ọdún mẹ́ta kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣí eléyìí. Páànù lókè, àga oníke nílẹ̀, àwòrán Fẹlá níbi tójú bá dé. Òórùn súyà ń ta sánsán, pẹ̀lú òórùn nǹkan mìíràn tí a kì í dárúkọ lójú Màmá Àgbà.

Femi wá fi sasofóònù sẹ́nu. Mo sún mọ́ ọn débi pé mo rí iṣan tó yọ lọ́rùn rẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó di ohùn kan ṣoṣo mú, kò já. Imú ló fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé bí ẹnu ṣe ń tì í jáde. Ní 2017, orí ìtàgé yẹn náà ló ti fẹ irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 50. Èmi di èémí mú láti bá a dọ́gba. Mi ò ka dé ogójì tí mo fi ń wúkọ́.

Bàbá kan jókòó tì mí. Ó ní kò sí ọjọ́ Jímọ̀ tí òun kì í sí ní Pepple láyé Fẹlá. Mo bá fi ìtàn yín yangàn. Ó gbọ́ ọ tán, ó mu bíà rẹ̀ díẹ̀.

"Ó kọ 'Lady'? Ní 1988?"

Ó ní orin tí Fẹlá bá ti gbé jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, kì í kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Orin tuntun lèèyàn ń lọ gbọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti àtijọ́, kó lọ ra rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọdún 1972 sì ni "Lady" ti jáde.

Bọ̀ọ̀dá, ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo parọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀rín tó pa mí. Mo wá ń ro ìrìn àjò yẹn. Dádì fún yín lówó kẹ́ ẹ lọ ra ẹ̀yà rédíò wá l'Ékòó. Ọjọ́ kẹrin lẹ padà dé, láìsí ẹ̀yà rédíò, láìsí aago ọwọ́ yín. Ẹ ní ẹ fi ta onílù kan lọ́rẹ. Nísinsìnyí tí èmi náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Shrine pẹ̀lú ayédèrú tíkẹ́ẹ̀tì, ó jọ pé mo mọ irú ẹni tí aago yẹn bá lọ.

Mo ń bọ̀ nílé ní Sátidé, èmi àtàwọn ọmọ. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé ẹ ó sọ ìtàn Fẹlá fún wọn. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé irin òjé dání. Ẹ ṣáà bá mi yọ "Lady" kúrò níbẹ̀. Èyí àkọ́bí ti mọ Google lò.

Ọmọ yín,
Dípọ̀