Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yẹn ni mo bá wá

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo mọ̀ pé mo jẹ ọ́ ní lẹ́tà, méjì gan-an ni, jọ̀ọ́ má bínú. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ẹ o. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó pé kí n kọ̀wé sí ẹ ni mo máa ń sọ pé jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí ná, kí n lè fi ìròyìn ayọ̀ ránṣẹ́, àmọ́ kò parí, ńṣe ló tún ń le sí i, mi ò sì lè dá a gbé mọ́.

Ṣé o rántí kámẹ́rà dúdú yẹn? Kí ni mò ń bi ẹ́ gan-an, báwo lo ṣe máa gbàgbé ẹ̀, ṣebí ìwọ lo fi ẹ̀wù ẹ bò ó lọ́jọ́ tí òjò pa wá. Mo ti tà á. Ó dùn mí o, àmọ́ owó iléèwé ọmọ ti délẹ̀, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́ látìgbà tó o ti lọ. Mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ mẹ́jọ, mo kọ gbogbo àbùkù ara ẹ̀ síbẹ̀, títí kan ibi tó ti họ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún yẹn, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo rẹ́ òun jẹ. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹnì kan rà á, ó fi káàdì sanwó, mo dì í bí ẹní di ẹyin, mo fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí wọ́n fún mi gẹ́lẹ́, mo gba nọ́ńbà tracking tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹrù dé, nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún wọ́n ní ó ti dọ́wọ́ ẹ̀. Mo yọ owó náà, mo san owó iléèwé, mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo jí, mo ṣí fóònù báyìí, wọ́n ti gbẹ́jọ́ mi dé. Ẹni tó rà á ní ohun tóun rà kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sóun, pé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò ń há, pé nǹkan funfun ti hù nínú lẹ́ǹsì. Nínú lẹ́ǹsì wo? Lẹ́ǹsì tí mo máa ń nù bí ojú ọmọ tuntun? Wọ́n ti fa owó náà padà kúrò nínú àkáǹtì mi lórí sáìtì yẹn kí n tó rí nǹkan kan sọ, bẹ́ẹ̀ kò sì sí owó kankan nínú ẹ̀ mọ́, bí àkáǹtì ṣe wọ gbèsè nìyẹn o. Àyà mi já.

Èmi náà wá rò ó pé bóyá wọ́n gbé e jù lójú ọ̀nà, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Sáìtì ní kí n jẹ́ kó dá a padà, mo ní kò burú. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà páálí dé. Èmi nìkan ni mo wà nílé, mo mú ọ̀bẹ, mo ya á. Ìyá Ìbejì, kámẹ́rà mi kọ́! Irú ẹ̀ ni, àwọ̀ kan náà, orúkọ kan náà, àmọ́ ibi tó họ lára tèmi ò họ lára èyí, bọ́tìnnì ẹ̀ ń há lóòótọ́, nǹkan funfun sì wà nínú lẹ́ǹsì ẹ̀ lóòótọ́. Tiẹ̀ tó ti bàjẹ́ ló kó fún mi, tèmi tó dáa ló fi pamọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mi ò ya fídíò nígbà tí mò ń tú u. Nígbà tí mò ń dì í lọ náà, mi ò ya fídíò, mi ò ya nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀, serial number yẹn, tó jẹ́ pé kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Fọ́tò mẹ́jọ! Kò sí ọ̀kan tí mo yí kámẹ́rà náà dojú délẹ̀ nínú ẹ̀. Mo kọ̀wé sí sáìtì, wọ́n ní tracking fi hàn pé ó dá ọjà padà, kí n mú ẹ̀rí wá tí mo bá ní. Tracking ò mọ ohun tó wà nínú páálí, pé páálí dé ló mọ̀.

Látìgbà yẹn mi ò sùn, mò ń kàwé kiri lóru bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Ṣé o mọ̀ pé lórí PayPal, ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹni tó rajà ní 180 ọjọ́ látọjọ́ tó sanwó tó fi lè gbé ẹjọ́ wá? Oṣù mẹ́fà! Tí sáìtì bá tún dá ẹni náà lẹ́bi, ó ṣì lè gba ọ̀dọ̀ báǹkì tó fún un ní káàdì lọ pé kí wọ́n bá òun fa owó náà padà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní chargeback, ti Visa àti Mastercard sábà máa ń jẹ́ 120 ọjọ́, báǹkì tiẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀, kí wọ́n tó béèrè lọ́wọ́ èmi. Ìyẹn ni pé tí mo bá jàre lónìí, wọ́n ṣì lè jí mi lójú oorun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mi ò sọ pé òfin yẹn ò dáa o. Ní Amẹ́ríkà, 1974 ni wọ́n ti ṣòfin pé ẹni tó ń lo káàdì lè jiyàn lórí owó tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣebí o rántí bàtà tí mo sanwó ẹ̀ tí n kò rí, kí ni mi ò bá ṣe tí báǹkì ò bá gbà mí? Àmọ́ ta ló ń gba ẹni tó tajà? Tí wọ́n bá ní ọjà ò dé, ìwé tracking á gbà ẹ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kì í ṣe àwọn ni wọ́n lo káàdì, PayPal ní ààbò fún ìyẹn náà tó o bá fi ọjà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó tọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ọjà dé, kì í kàn ṣe ohun tí wọ́n rà, ààbò yẹn ò dé ibẹ̀. Ibi tí olè ti rí ilẹ̀kùn gbà wọlé nìyẹn.

Torí náà, àbúrò ẹ tó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ta nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jọ̀ọ́ bá a sọ̀rọ̀ fún mi kó ya fídíò ìgbà tó bá ń dì í àti ìgbà tó bá ń tú u, kó ya serial number, kó má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tún ní òun ń bọ̀ wá gbé e fúnra òun, torí kò ní sí tracking kankan tó máa fi hàn pé ọjà dé, tí ẹnì kan bá sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i pé owó ti wọlé kó má wo ímeèlì yẹn rárá, inú àkáǹtì ẹ̀ gan-an ni kó lọ wò, kó sì jẹ́ kí owó náà pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó ná an. Èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló pa mí.

Màámi ti ń rìn láìlo ọ̀pá, wọ́n ní kí n kí ẹ. Àbígbẹ̀yìn mi ti ká eyín iwájú, tó bá rẹ́rìn-ín o máa fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tí a jọ mọ̀ yẹn ti tún ṣègbéyàwó, tá a bá ríra màá sọ ìyókù.

Mi ò tíì sọ fún bàbá àwọn ọmọ. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó rò pé owó iléèwé ti tán nílẹ̀, inú ẹ̀ sì ń dùn, mo wo ojú ẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Tí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, mo máa ní láti wá owó yẹn níbòmíì, mi ò sì mọ ibi tí màá ti rí i. Ó ń bà mí lẹ́rù.

Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lánàá tó mú kí n sáré kọ èyí. Mo mú kámẹ́rà bàjẹ́bàjẹ́ tó fi rọ́pò tèmi, mo fi ya ilẹ̀kùn, mo ṣí fáìlì fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, ni mo bá rí i pé kámẹ́rà yẹn máa ń kọ serial number ẹ̀ sínú gbogbo fọ́tò tó bá yà. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀ gan-an ló wà nínú fáìlì! Ó jẹ́ pé gbogbo fọ́tò tí mo ti fi tèmi yà, nọ́ńbà tèmi wà nínú wọn. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ti kú, gbogbo ẹ̀ ló bá a lọ. Àwọn tí mo fi sórí WhatsApp ò wúlò, WhatsApp máa ń yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nínú fọ́tò.

Ọwọ́ ẹ nìkan ló kù. Àwọn fọ́tò tí mo ya fún ẹ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí àwọn ìbejì, tí mo kó sínú flash funfun yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ? Jọ̀ọ́, bá mi wá a. Fáìlì gangan ni mo fẹ́, bó ṣe wà nínú flash, má ṣe gé e, má ṣe tún un ṣe, má sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ímeèlì ni kó o fi kó o wá fún mi. Márùn-ún tó, kódà ọ̀kan tó. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ẹjọ́ náà.

Èyí tí Táíwò ti ń sunkún, tí Kẹ́hìndé ń wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn, fi ìyẹn kún un. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹjọ́. Ó kàn ń wù mí kí n rí i ni.

Adúmáadán ẹ