Lẹ́tà sí Màámi, nítorí gbèsè Ìyá Ìbejì

Màámi,

Ìyá Ìbejì ti kú. Bóyá ẹ tilẹ̀ ti pàdé lọ́hùn-ún kí n tó mú bírò, tí ẹ ti gbé àga fún un, tí ẹ sì ń bi í bóyá ó ti jẹun. N kò rò pé ikú lè yí ìwà yín padà.

Àwọn ọmọ rẹ̀ fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkèṣà: léèsì aláwọ̀ ewé, gèlè aláwọ̀ wúrà. Wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sára ọ̀rá. Ọmọ tó gbé e wá kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é kí ẹ̀yin má sí níbẹ̀, wọ́n ní ẹbí ni yín." Mo ní ó ṣeun. Kí ni ǹ bá tún wí? Nígbà tó lọ tán, àwọn ọmọṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú ará fẹ́ra kù, wọ́n rò pé ẹni tó sún mọ́ mi ló lọ. Mo ní, "Ó jẹ wá lówó ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kò fìgbà kan jẹ́ kí n sọ tèmi níbẹ̀. Bí mo bá ti lanu, ẹ ó ní, "Ó ti tó, Olúwa ń gbọ́." Òótọ́ ni, Olúwa ń gbọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ọdún 1989 ni. SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, ti gbá gbogbo ilé mọ́lẹ̀. Ọdún méjì péré ni wọ́n ti sọ Yunifásítì Ifẹ̀ lórúkọ Awólọ́wọ̀, orúkọ tèmi náà sì jáde lára àwọn tí wọ́n mú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n èèyàn kò lè tẹ́ ìwé ìgbàwọlé sùn, kò sì lè fi í jẹ ẹ̀bà. Owó èésú tí ẹ ń dá ní ọjà Àtákúmọ̀sà la gbójú lé. Ìyá Ìbejì ti kó tirẹ̀ kí ó tó kàn yín. Ẹ̀yin lẹ ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ pé yóò máa dá a títí yóò fi yí ká. Ó kó o tán, ó dákẹ́. Ni gbogbo àwọn tó kù bá yíjú sí yín. Ẹ ta dàmáásìkì, ẹ ta sányán tí ẹ fi ṣe ìyàwó, ẹ kó èyí tó yẹ kó jẹ́ tiyín lé e, ẹ san án fún wọn pé. Kò sí obìnrin kan nínú èésú náà tó pàdánù kọ́bọ̀, àfi ẹ̀yin. Àti èmi.

Títí débẹ̀, n kò bá yín wí. Ẹni tó ṣe onígbọ̀wọ́ ló ń san. Ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi.

Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kó lọ sí Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé Ìyá Ìbejì lọ sí ilé ìwòsàn Wẹ́sílì. Bóyá àìsàn ni, bóyá ìtìjú ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ gún iyán. Ẹ se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ kó ẹran sí i, ẹ kó ẹja gbígbẹ sí i, irú ọbẹ̀ tí ẹnì kankan nínú wa kò tíì fojú kàn láti ìgbà tí ẹ ti ta dàmáásìkì. Ẹ dì í, ẹ gbé e lé mi lórí. Mo dé Erèjà ni mo rí ọkọ̀ Ifẹ̀ tó kún, wọ́n fi okùn so fóòmù ọmọ kíláàsì wa kan mọ́ orí rẹ̀. Ọmọ náà yọrí lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí mi. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára abọ́. Ifẹ̀ kò tó ogójì kìlómítà sí Iléṣà, Màámi. Ẹsẹ̀ lè rìn ín.

Mo gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ fóòmù mi. Ó dìde jókòó, ó ṣí abọ́, ó bu òkèlè, ó tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó wò mí lójú, ó ní, "Iyọ̀ ọbẹ̀ yìí kò tó. Sọ fún màmá ẹ."

Mo sáré délé láti wá sọ fún yín. Mo rò pé ìyẹn ni yóò bí yín nínú tán. Ẹ̀rín lẹ rín. Ẹ rín in títí omi fi bọ́ lójú yín, ẹ ní, "Ẹnu rẹ̀ ti ń mọ adùn, ara rẹ̀ ti fẹ́ yá nìyẹn." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ fi iyọ̀ kún un, ẹ tún gbé e lé mi lórí.

Mo ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Orúkọ púpọ̀ nínú àwọn tíṣà mi ti lọ lórí mi. Iyọ̀ yẹn kò lọ. Owó náà, mo ti gbà pé ó ti ṣègbé, Ọlọ́run sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ gbé mi ró débi tó gbé mi dé. Ẹ̀rín yín ni n kò tíì rí ibi tí n óò gbé e sí. Ṣé ẹ kò rí ojú mi ni? Àbí ẹ rí i, ẹ sì rò pé bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tó, èmi náà yóò rẹ́rìn-ín?

Ọmọ ta sì ni yín? Bàbá yín tó gbé aṣọ àwìn kiri ìlú onílùú, tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi bá a wá owó rẹ̀ jáde! Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dòní pé Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló, ẹ̀yin gan-an lẹ sì máa ń sọ fún wa pé kò sí ìtìjú níbẹ̀, pé òógùn ojú ẹni lèèyàn ń bèèrè. Ṣùgbọ́n mo mọ̀, ti ìyá yín ló borí lára yín. Ìyá àgbà wà ní Òkè-Oòyè lọ́dún 1930, nígbà tí Wòlíì Joseph Babalọlá tí í ṣe awakọ̀ katakata tẹ́lẹ̀ ń gbàdúrà sí omi tí èrò gbé wá. Wọ́n sọ ìtàn yẹn fún wa títí a fi lè sọ ọ́ fún wọn padà. Nínú ilé tí ẹ ti wá, ẹni tó ti mu nínú omi yẹn kò gbọdọ̀ di ènìyàn sínú.

N kò sọ pé ẹ̀sìn yín kì í ṣe òótọ́ o. Ta ló tó yín? Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni ẹ ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnikẹ́ni tó jí. Àwọn opó àdúgbò kò ra epo nígbà ayé yín. Lọ́jọ́ tí a sin yín, ọkùnrin mẹkáníìkì kan tí a kò mọ̀ rí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní ẹ̀yin lẹ san owó ìtọ́jú ìyàwó òun. Mo fún un ní oúnjẹ. Mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé: nígbà wo nìyẹn ṣẹlẹ̀, lọ́dún wo, kí ni èmi sì ń wá lọ́dún náà tí ẹ ní kò sí?

Pásítọ̀ wa wàásù lẹ́nu àìpẹ́ yìí lórí ìwé Mátíù orí kejìdínlógún, lórí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọba fi gbèsè ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì jì, tó wá lọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí owó kékeré. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe Àmín. Ojú tèmi wà lórí ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n ta ọkùnrin náà, àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀, láti fi san gbèsè. Kí ni àwọn ọmọ ṣe? Kò sí oníwàásù tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Lóòótọ́, nígbà tí ọba dárí ji bàbá, àwọn ọmọ bọ́. Ní tiwa, ọjọ́ tí ẹ dárí jì í gan-an ni ẹ ta ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀ yẹn le, mo mọ̀. Mo kọ ọ́, n kò sì ní pa á rẹ́.

Pọ́ọ̀lù bẹ Fílémónì nítorí Ónẹ́símù, ó ní bí ó bá jẹ ọ́ ní ohunkóhun, kà á sí mi lọ́rùn, èmi ni n óò san án, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Mo fẹ́ràn Pọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ìdáríjì ń náni lówó, ó sì lọ bá ẹni tí wọ́n jẹ kó tó sọ pé ó ti tán. Ẹ̀yin náà kà á sí ara yín lọ́rùn, dàmáásìkì yín ló lọ. Ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ wà lọ́rùn tèmi, ẹ kò sì bi mí. Bí ẹ bá bi mí ni, bóyá ǹ bá gbà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo fẹ́ràn yín ju Ifẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Sákéù gun igi, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìyá Ìbejì kò gun igi kankan. Ó gbádùn, ó jẹun, ó padà sí ọjà, ó sì ń jókòó tì yín ní ìpàdé àwọn obìnrin títí ẹ fi lọ.

Ẹ sì ń sùn! Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ẹ kì í fi òru rò ó. Ẹ ń hanrun débi pé à ń gbọ́ ọ ní yàrá kejì. Àlàáfíà Ọlọ́run tó ju ìmọ̀ràn gbogbo lọ, mo rí i lára yín, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Èmi tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ni mo ń jí láago mẹ́ta òru tí mo ń ka pákó àjà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, owó oògùn rẹ̀ sì ti di ohun tí èèyàn ń gbàdúrà sí kó tó jáde nílé. Pásítọ̀ ní kí n jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Olúwa. Mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ó máa ń padà wálé.

Ìyá Ìbejì nìkan kọ́ ni mo sì ń rò lóru. Ọmọ yín ọkùnrin ni.

Láti ìgbà tí a ti sin yín, òun ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù méjèèjì tó wà níwájú ilé. Ó ní òrùlé ni òun fi ń tún ṣe. Ẹ̀yin ẹ wá wo òrùlé! Òjò ti ń rọ̀ sí yàrá yín, mo ti gbé àpótí aṣọ yín kúrò níbẹ̀. Àwa méjèèjì kì í bára wa sọ̀rọ̀ mọ́: ìyàwó rẹ̀ a pe ọkọ mi, ọkọ mi a wá sọ fún mi. Àfi lóṣù tó kọjá tí òun fúnra rẹ̀ pè. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tó jọ yín débi pé ó máa ń dẹ́rù bà mí, ti rí ìgbàwọlé sí Yunifásítì Iléṣà, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí ẹ mọ̀ ni wọ́n sọ dà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2022. Kò sí owó ibùgbé. Ṣé ọmọ lè máa gbé lọ́dọ̀ mi? Ṣé n lè bá a fi nǹkan kún owó ìwọlé? Ó rojọ́ títí, ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé Màámi ì bá ti ṣe é."

Ó mọ ibi tó ń gún. Mo pa fóònù.

Mo bínú, mo gbàdúrà, mo tún bínú. Bí mo bá kọ̀, ta ni mò ń bá jà? Ọmọ náà kò gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni òun náà. Bí mo bá sì gbà, bàbá rẹ̀ yóò sùn, yóò máa hanrun, èmi ni n óò tún máa ka pákó àjà.

Mo ti ní kó máa bọ̀. Mo palẹ̀ yàrá tí a ń kó aṣọ oníbàárà sí, mo ra fóòmù tuntun, mo ra garawa, mo ra sítóòfù kékeré. Mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan, mo kọ owó ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ayálégbé sọ pé wọ́n ti san fún un sí ìsàlẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin Kristẹni, ṣé nítorí Ọlọ́run kọ́ lẹ fi ń ṣe é ni?" Mo ní nítorí Ọlọ́run ni mo fi gba ọmọ. Owó fóòmù, gbèsè ni. Bí oṣù yìí bá parí tí n kò rí nǹkan kan gbà, n óò wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀, n óò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lójú gbogbo aládùúgbò.

Èmi ni,
ọmọ yín àgbà