Ìmúra fún Ilé Alóre tó wà Lórí Òkè Fremont

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí. Láti bí oṣù kárùn-ún ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti máa ń gbèrò ibi tí wọn yóò lọ najú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì ṣàkíyèsí pé gígun òkè ti ń wọ̀ wá lára díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé a kì í múra fún òkè bí ó ti yẹ. A máa ń dá ọjọ́, a máa ń dáwó oúnjẹ, a tilẹ̀ rán fìlà ẹgbẹ́ fún un lọ́dún kan, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè níbi ìpàdé pé aago mélòó ni a óò yíjú padà sílé, bóyá a dé orí òkè tàbí a kò dé e.

Òkè Fremont ni mo ní lọ́kàn, nínú ọgbà ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi Òkè Rainier sọ lórúkọ, ní ìpínlẹ̀ Washington. Ilé onígi alájà méjì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1934, ọ̀kan nínú mẹ́rin irú rẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ọgbà náà. Alóre ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ẹni tí alóre í ṣe: òun ni ìlú ń fi sí ibi gíga kí ó máa ṣọ́nà, kí ogun má baà ká ará ilé mọ́lé. Iná ni ogun tí alóre Fremont ń ṣọ́. Ní ọjọ́ 20 àti 21 oṣù kẹjọ ọdún 1910, iná jó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta éékà igbó ní Idaho, Montana àti Washington, ó sì pa ó kéré tán ènìyàn 85, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ àwọn tó lọ pa iná náà. Lẹ́yìn àjálù yìí ni ìjọba túbọ̀ tẹpá mọ́ ọn pé èéfín ni kí a ti rí kí iná tó di ńlá, wọ́n sì ń kọ́ ilé alóre láti orí òkè kan dé òmíràn.

Bí àwọn alóre wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ wù mí jọjọ, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ gbọ́ ọ kí ó tó wọ mọ́tò. Fèrèsé ni ó yí yàrá wọn ká. Láàárín rẹ̀ ni ohun èlò róbótó kan wà, tí wọ́n tẹ́ máàpù lé lórí, tí òrùka irin kan sì ń yí etí rẹ̀ po. Òṣìṣẹ́ igbó kan tí ń jẹ́ Osborne ni ó ṣe é, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Bí alóre bá rí èéfín, yóò yí òrùka náà títí ojú ìwò rẹ̀ yóò fi bá èéfín ọ̀hún mu, yóò ka nọ́ńbà tó bọ́ sí, yóò sì fi tẹlifóònù ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bí alóre orí òkè mìíràn bá ka tirẹ̀ náà, wọn yóò fa ìlà méjèèjì sórí máàpù: ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni iná wà. Nígbà tí àrá bá ń sán, orí àpótí kékeré tí wọ́n fi gíláàsì wọ̀ lẹ́sẹ̀ ni alóre máa ń wà, kí mànàmáná má baà ti ara rẹ̀ wọlẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nìkan náà: ní 1913 ni Hallie Daggett bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní igbó Klamath ní California, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ igbó ìjọba àpapọ̀ gbà sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì fi wà lẹ́nu rẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ òfuurufú àti kámẹ́rà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan nínú ìtàn yìí fún wa. Pikiníìkì ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi pè wá, pikiníìkì náà sì ni a múra fún. A gbé kúlà dání, a gbé ìkòkò ìrẹsì dání, ìyá àgbà kan tó wá láti Òṣogbo láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun wọ sálúbàtà. Aago kan ti lù kọjá kí a tó kúrò níbi tí a gúnlẹ̀ mọ́tò sí. Bí a ti dé Frozen Lake, adágún kan tó wà lójú ọ̀nà, ìkúùkù bo ilẹ̀ débi pé n kò rí ẹni tó wà níwájú mi. Àwọn kan ní kí a máa lọ, àwọn kan ní kí a padà, a sì pín sí méjì láìsí àdéhùn. Fóònù kò gbé rárá. Ó tó wákàtí méjì kí a tó tún rí ara wa. Kò sẹ́ni tó fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ilé alóre. N kò dá ẹnì kan lẹ́bi ju ara mi lọ, nítorí mo wà níbi ìpàdé tí a ti ṣètò rẹ̀, mo sì ń jẹ ẹ̀pà mi jẹ́jẹ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun àkọ́kọ́ ni ìṣirò àkókò. Àlọ àti àbọ̀ láti Sunrise, níbi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí, jẹ́ nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án. Sunrise fúnra rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,400, ilé alóre sì wà ní nǹkan bí 7,180, nítorí náà gíga tó wà láàárín méjèèjì kò ju mítà 240 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà ń gòkè, ó sì ń sọ̀ díẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ará Scotland kan, Naismith, ti fi ìlànà kan lélẹ̀ láti 1892: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a bá gùn. Bí a bá fi èyí ṣírò, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le ni Naismith ń ṣírò fún, kò sì ka ìsinmi, kò ka fọ́tò, kò ka ọmọ tó ní òun fẹ́ tọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a fi ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù nínú wa ṣe òṣùwọ̀n, kí a sì ka wákàtí márùn-ún. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí gbogbo wa ti gbà kí a tó kúrò nílé pé bí aago méjìlá bá lù, níbikíbi tí a bá wà, ẹ̀yìn là ń padà sí. Ẹni kan ni kí ó di aago náà mú, kí ó má sì jẹ́ alága, nítorí alága kì í fẹ́ kí ìrìn òun bàjẹ́.

Láti Sunrise, a óò gun ẹ̀yìn òkè Sourdough, a óò yà sí òsì, a óò sì tẹ̀ lé e dé Frozen Lake. Wọ́n ti ṣọgbà yí adágún yìí ká nítorí omi mímu tí wọ́n ń fà láti inú rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé e: kí olúkúlùkù gbé omi lítà méjì láti ilé. Ìta gbangba ni ọ̀nà náà gbà, kò sí igi tí a lè sá sábẹ́ rẹ̀. Létí adágún náà ni ọ̀nà pín sí púpọ̀, tí ìkúùkù sì ṣì wá lọ́nà lọ́jọ́ tí mo wí. Apá ọ̀tún ni ti Fremont. Láti ibẹ̀ lọ, orí òkúta wẹ́wẹ́ ni a ń tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òkè, nǹkan bí kìlómítà méjì, sálúbàtà kò sì bá a mu. Yìnyín lè ṣì wà lójú ọ̀nà nínú oṣù keje, afẹ́fẹ́ sì máa ń tutù lórí òkè kódà bí oòrùn bá ń ran, nítorí náà kí a mú ẹ̀wù òtútù dání. Kí a fi ajá sílé, kí a má tẹ òdòdó mọ́lẹ̀, kí a má sì fún ewúrẹ́ òkè ní búrẹ́dì. Bí èéfín iná igbó bá sì bo ojú ọ̀run nínú oṣù kẹjọ, bí ó ti ń ṣe lọ́dún mìíràn, kí a sún ọjọ́ náà síwájú.

Àwọn tó ti gun Ìdànrè máa ń sọ fún mi pé kí ni òkè Amẹ́ríkà fẹ́ fi ṣe wá. Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ó sì ní ibi ìsinmi. Fremont kò ní àtẹ̀gùn, atẹ́gùn ibẹ̀ sì fúyẹ́ tí èémí fi ń tètè dá ni. Ní ti àwọn àgbà, kò sí ìtìjú nínú kí wọ́n dúró sí Sunrise, níbi tí Òkè Rainier ti yọ gedegbe níwájú ẹni, bí ó bá ṣe pé a ti yan ẹni tí yóò bá wọn jókòó.

Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, bí ẹ óò bá tẹ lẹ́tà yìí jáde, ẹ jẹ́ kí ó jáde kí oṣù kẹfà tó parí, nítorí ìgbà náà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni wọ́n sábà máa ń ṣí ọ̀nà Sunrise. Ìyá Òṣogbo ń padà bọ̀ lọ́dún yìí, ó sì ti ní kí ọmọ òun ra bàtà gidi sílẹ̀ de òun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Tacoma, ìpínlẹ̀ Washington