Nípa ilé Ìdí-Àbà, kí ẹ tó sanwó

Bọ̀dá mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Mo rí fọ́tò ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ fẹ́ rà, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san àsansílẹ̀. Ọ̀dà tuntun yẹn ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ìpìlẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ní Abẹ́òkúta, apá kan ilé lè jókòó lórí àpáta, kí apá kejì wà lórí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó dí kòtò. Àpáta ò ní mira, yẹ̀pẹ̀ á máa rì lójò, ògiri á wá là níbi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ wo ibi tó là ní igun fèrèsé àti òkè ẹnu ọ̀nà. Èyí tó tín-ín-rín bí irun lára pílásítà, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń gba àárín búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, tó sì fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, ẹnjiníà tó ní ìwé COREN (àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà) ló lè sọ tiẹ̀. Ibi tí wọ́n bá dá kùn lọ́tọ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kàn án: tó bá dún gbọ̀lọ́, pílásítà ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Ẹ wo fẹ́ǹsì náà dáadáa, torí àmì pupa tí ìjọba ń fi sára ilé tó rú òfin kì í pẹ́ bò mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà.

Àpáta yìí náà ló ń ba ṣọ́káwéè (kòtò tó ń gba omi ìdọ̀tí ilé) jẹ́. Omi ò ríbi wọ̀, kòtò á kún, ìdọ̀tí á padà sílé. Lẹ́yìn òjò ńlá ni kí ẹ lọ, kí wọ́n ṣí ìdérí fún yín, kí ẹ da garawa omi mẹ́ta léraléra sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá omi á lọ. Ó dáa kí kànga fi mítà 30 jìnnà sí ṣọ́káwéè. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ò gùn ju bíi mítà 36 lọ, nítorí náà ẹ wọn ti ṣọ́káwéè aládùúgbò mọ́ ọn.

Ní ti iná, wáyà 1.5 mm² (bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó) ni ti gílóòbù, 2.5 mm² ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá fi 1.5 sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè máa gbóná nínú ògiri.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba) pa yín lẹ́nu mọ́. Ti ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ béèrè pílánù ilé tí ìjọba fọwọ́ sí. Tó bá jẹ́ bóńgálò ló wà níbẹ̀, òkè yẹn ò ní àṣẹ, ẹni tó bá sì ni ilé nígbà náà ni wọ́n máa bá wí. Kí sọ̀fíọ̀ (awọnlẹ̀) tiwa mú sọ́fè (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ náà) lọ wò ní Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn wà, bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.

Owó sọ̀fíọ̀ àti ẹnjiníà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tí ẹ̀jẹ́ńtì bá mú wá, ẹ má gbà á o.

Àbúrò yín,
Táíwò