Oníbàárà kò lè fún wa ní àṣẹ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn òǹkàwé yín, pàápàá àwa tí a ń fi ọwọ́ ṣe káàdì ìkíni nílé, tí a ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí sára rẹ̀, tí a sì ń tà á.

Láìpẹ́ yìí, ìyá kan ní kí n ṣe káàdì ọjọ́ ìbí fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ó fi àwòrán ẹ̀dá inú eré ọmọdé kan tó gbajúmọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní kí n fi í sí àárín káàdì, kí n sì fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ ọmọ náà sí abẹ́ rẹ̀. Mo ti tẹ àwòrán náà jáde, mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ yípo, gọ́ọ̀mù ti wà lẹ́yìn rẹ̀, kí n tó bi ara mi pé ta ló ni ohun tí mo fẹ́ tà yìí. Mo gbé e sílẹ̀, mo pe ìyá náà, mo sì ṣàlàyé fún un. Ó dá mi lóhùn pé: "Èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é, kò kàn yín."

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí náà, kò sì tọ̀nà. Ẹni tó ya àwòrán, tàbí ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́, ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti da iṣẹ́ náà kọ tàbí láti gba ẹlòmíràn láyè kó dà á kọ. Oníbàárà kò ní in, nítorí náà kò lè fún wa. Àwa tí a dà á kọ, tí a sì gba owó lórí rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà máa bá, ì báà jẹ́ káàdì ẹyọ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò tí oníbàárà gbà lọ́dọ̀ ayàwòrán: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, owó tó san lórí fọ́tò kò sọ ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ di tirẹ̀, àfi tí wọ́n bá jọ ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ní àwọn kò rí àmì ẹ̀tọ́ kankan lára àwòrán. Àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1886, kò béèrè àmì tàbí ìforúkọsílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti jáde lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é ni ẹ̀tọ́ ti dé, ó sì máa ń wà títí di 50 ọdún, ó kéré tán, lẹ́yìn ikú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti sọ ọ́ di 70. Àwọn mìíràn ní bí a bá ti yí àwọ̀ padà tàbí tí a fi fìlà kún un, ó ti di tiwa. Mi ò mọ ibi tí ìyẹn ti wá, nítorí ohun tí wọ́n máa ń wò ni bóyá apá tó ṣe pàtàkì lára iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀.

Kódà ohun tó ti gbó gba ìṣọ́ra. Mickey Mouse, eku inú eré àwòrán Disney, bí ó ṣe rí nínú eré 1928 ti di ti gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìrísí tí wọ́n fún un lẹ́yìn náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ, àmì òwò ilé iṣẹ́ Disney, ìyẹn àmì tí a fi ń dá ọjà wọn mọ̀, sì ṣì dúró. Ní ti ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sínú káàdì, kò sí ẹni tó ni orúkọ ọmọ tàbí ìkíni ṣókí bíi "Ẹ kú ọjọ́ ìbí". Ọ̀rọ̀ orin àti ewì ni kí a ṣọ́ra fún. Àwòrán àti irú lẹ́tà tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ka àdéhùn rẹ̀ dópin, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fàyè gba títà.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Òru mẹ́ta ni mo fi ya òdòdó kan tó yí káàdì ìgbéyàwó ká, mo sì ṣèèṣì fi ewé kan sílẹ̀ láìkùn ní igun apá òsì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo rí òdòdó náà lórí káàdì tí ẹlòmíràn ń tà, ewé tí n kò kùn sì wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Báwo ni n ó ṣe bínú sí ẹni yẹn, tí èmi náà á tún máa gé àwòrán ẹlòmíràn lẹ̀ mọ́ káàdì?

Mo padà béèrè lọ́wọ́ ìyá yẹn pé kí ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn nínú ilé, ó ní ajá wọn ni. Ajá náà ni mo fi ọwọ́ ara mi yà, ó sì gbà á.

Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ bá wa wá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, kí ó ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn yín bí a ṣe ń kọ ìwé béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, àti ohun tó yẹ kó wà nínú èsì rẹ̀ kí a tó lè gbára lé e.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń fi ọwọ́ ṣe káàdì.